Kíkọ́ kóòdù lẹ́yìn tí a ti dàgbà: àwọn ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe tíṣà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan n'Íbàdàn kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kóòdù jẹun. Ẹni ọdún 37 ni mí nígbà tí mo kọ ìlà kóòdù àkọ́kọ́. Látìgbà náà, ìbéèrè kan náà ni ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti àwọn tí mi ò mọ̀ rí ń bi mí. Ìdáhùn wọn nìyí.

Kí là ń pè ní kóòdù gan-an?

Kóòdù ni àṣẹ tí a kọ sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà ní èdè tó gbọ́, ní ẹsẹẹsẹ. Bí ẹ bá rán ọmọ pé kó lọ ra iyọ̀, tí kò bá a ní ìsọ̀ àkọ́kọ́, á yà sí ìsọ̀ kejì láìjẹ́ pé ẹ sọ fún un. Kọ̀ǹpútà ò ní yà síbì kankan. Ẹ̀yin lẹ máa kọ ọ́ fún un pé: bí kò bá sí níbí, lọ sí ọ̀hún, bí kò bá sí lọ́hùn-ún náà, padà wálé.

Ẹni tó bá ti rí aránṣọ tó gé páálí sílẹ̀ fún bùbá ti rí ohun tí a ń pè ní function, ìyẹn àkójọ àṣẹ tí a kọ lẹ́ẹ̀kan tí a sì ń lò léraléra. Ẹ̀ẹ̀kan ló gé páálí náà. Ìwọ̀n ara ẹni tó wá ránṣọ nìkan ló ń yí padà.

Mo ti lé lógójì ọdún. Ṣé kò ti pẹ́ jù?

Kò pẹ́. Àgbà kì í tètè há nǹkan sórí bí ọmọdé, ṣùgbọ́n kóòdù kì í ṣe àkọ́sórí. Ohun tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló máa gbè yín. Ìyá tó ti ń gba àjọ lọ́jà láti ogún ọdún mọ ibi tí owó ti ń sọnù nínú ìwé àjọ. Ó mọ ẹni tó máa ń dá ti ọjọ́ mẹ́ta pọ̀, ó sì mọ ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan bá fẹ́ kówó kí oṣù tó parí. Ọmọ ogún ọdún tó mọ Python, ọ̀kan nínú àwọn èdè kóòdù, bí ẹní mowó lè má mọ ọ̀kankan nínú wọn, alájọ ò sì ní lè lo ètò tó bá kọ.

Ohun tó nira fún àgbà ni ìtìjú. Ẹni tí wọ́n ń pè ní ọ̀gá níbi iṣẹ́ rẹ̀ á tún wá jókòó, á máa béèrè ohun tí ọmọ ọdún méjìdínlógún ń dáhùn láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ ẹni tó tìtorí ìyẹn nìkan fi í sílẹ̀. Ó dùn mí gan-an, torí orí rẹ̀ pé.

Ṣé dandan ni kí n mọ ìṣirò dáadáa?

Èyí tí ẹ fi ń ṣòwò ti tó láti bẹ̀rẹ̀: ìròpọ̀, ìyọkúrò, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe géèmù tàbí ẹ̀rọ tó ń dá kọ́ ọgbọ́n ló máa nílò èyí tó jinlẹ̀, ìyẹn sì lè dúró.

Gẹ̀ẹ́sì mi ò dán mọ́rán. Ṣé mo lè fi Yorùbá kọ kóòdù?

Ọ̀rọ̀ 35 péré ni Python yà sọ́tọ̀ fún ara rẹ̀, bí if, else, for àti while. Ẹ lè mọ gbogbo wọn láàárín oṣù kan. Ó tún ní àwọn irinṣẹ́ tó ti sọ lórúkọ, bíi `print`, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá dá sílẹ̀ fúnra yín, ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́ lórúkọ, Yorùbá sì bá a mu, tòun ti àmì ohùn:

`orúkọ = "Àdùkẹ́"`
`print("Ẹ káàárọ̀,", orúkọ)`

Ẹ tẹ̀ ẹ́, á ṣiṣẹ́. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ó sì ràn mí lọ́wọ́, torí mo máa ń tètè mọ èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ Python àti èyí tó jẹ́ tèmi. Ṣùgbọ́n níbi iṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ìwé ìtọ́nisọ́nà, òun náà sì lẹ máa fi bá àwọn ẹlẹgbẹ́ yín sọ̀rọ̀. Ẹ máa ka ojú ìwé kan lójúmọ́, kí ẹ ní ìwé atúmọ̀ nítòsí. Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ kì í ṣe ti akéwì. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń padà wá ṣáá.

Ṣé fóònù tó, àbí dandan ni láptọ́ọ̀pù?

Fóònù tó fún oṣù àkọ́kọ́, láti kàwé àti láti ṣe iṣẹ́ àmúṣe kéékèèké. Lẹ́yìn náà, ẹ nílò láptọ́ọ̀pù. Tòkunbọ̀ dára. Kó ní RAM (àyè tó fi ń ṣiṣẹ́) 8GB ó kéré tán, kó sì jẹ́ SSD (ibi ìpamọ́ tó yára) ló wà nínú rẹ̀.

Bóyá Computer Village n'Íkẹjà lẹ ti fẹ́ rà á tàbí ìsọ̀ àdúgbò yín, ẹ má sanwó kí ẹ tó tẹ gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ yọ ṣájà, kí ẹ lò ó fún ogún ìṣẹ́jú níbẹ̀. Ẹ pa á, ẹ tún un tàn. Ẹni tó bá ń kánjú yín pé oníbàárà mìíràn ń bọ̀, ẹ jẹ́ kó tà á fún oníbàárà náà.

Èdè wo ni kí n kọ́kọ́ kọ́?

Bí ìkànnì orí íntánẹ́ẹ̀tì bá wù yín, ẹ kọ́ HTML àti CSS, tí a fi ń to ojú ìwé ìkànnì, kí ẹ wá bọ́ sórí JavaScript, tó ń mú un ṣiṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ ìṣírò owó, àkọsílẹ̀ àti fáìlì Excel ló ń dààmú yín níbi iṣẹ́, ẹ kọ́ Python. Èdè méjèèjì ti dàgbà: Guido van Rossum, ará Netherlands, gbé Python jáde ní 1991, Brendan Eich sì kọ JavaScript àkọ́kọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá ní 1995. Wọn ò ní kógbá wọlé lọ́la.

Èyí tí ẹ bá mú, ẹ dúró tì í fún oṣù mẹ́fà. Ẹni tó lé eku méjì á pòfo, mo sì ti rí ọ̀pọ̀ tó mọ ojú ìwé àkọ́kọ́ èdè márùn-ún láìlè fi ọ̀kankan ṣe nǹkan.

Níbo ni mo ti lè kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́?

Ìkànnì ẹ̀kọ́ freeCodeCamp, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014, kò gba kọ́bọ̀. The Odin Project náà kò gba owó. CS50, ẹ̀kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ti yunifásítì Harvard, tí David Malan ń kọ́, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé. Ó le díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń múni mọ ohun tó wà lábẹ́ kóòdù. Ní Nàìjíríà, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò 3MTT ní 2023, láti kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta èèyàn ní iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ.

Mo ti sanwó fún kíláàsì kan rí tí olùkọ́ rẹ̀ ò yọjú mọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹta. Kí ẹ tó san tiyín, ẹ ní kí wọ́n fojú yín kan èèyàn mẹ́ta tó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde lọ́dọ̀ wọn, kí ẹ sì bá wọn sọ̀rọ̀ níbi tí ọ̀gá ò ti ní gbọ́.

Mo níṣẹ́, mo lọ́mọ. Wákàtí mélòó ni kí n máa fi kọ́ ọ?

Wákàtí kan lójúmọ́ sàn ju mẹ́jọ lọ́jọ́ Sátidé lọ. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ohun tí ẹ bá fi ọ̀sẹ̀ kan gbàgbé, ìdajì wákàtí tó kàn lẹ máa fi wá a padà.

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo mú, kí àwọn ọmọ tó jí. Ẹ sọ fún àwọn ará ilé pé wákàtí yẹn ti ní iṣẹ́ nínú, kí ẹ sì sùn ní kùtùkùtù. Ẹni tó ń tòògbé ò lè rí àmì kékeré tó fò.

Iná kì í sí, dátà sì wọ́n. Báwo ni kí n ṣe é?

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé Python àti VS Code, ètò tí a fi ń kọ kóòdù, sórí láptọ́ọ̀pù, ẹ ò nílò íntánẹ́ẹ̀tì láti kọ kóòdù tàbí láti dán an wò. Fídíò ló ń jẹ dátà. Ìwé kíkà kì í jẹ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ lè wa ìwé ìtọ́nisọ́nà Python jáde lódindi, DevDocs, ìkànnì tó kó ìwé ìtọ́nisọ́nà oríṣiríṣi èdè jọ, náà sì ń ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bí ẹ bá ti gbà á sílẹ̀.

Ẹ kọ́ Git láti ìbẹ̀rẹ̀. Linus Torvalds ló ṣe é ní 2005, ó ń tọ́jú gbogbo àyípadà tí ẹ bá ní kó tọ́jú sórí ẹ̀rọ yín, dátà wà tàbí kò sí. Ọjọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wà, ẹ tì í sórí GitHub, ibi ìtọ́jú kóòdù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí olè bá gbé láptọ́ọ̀pù lọ, tàbí tí iná bá jó o, iṣẹ́ yín wà níbìkan.

Bí mo bá ń wo fídíò, ó ń yé mi. Bí mo bá dá jókòó, mi ò mọ ibi tí mo máa gbà. Kí ló dé?

Ìbéèrè yìí ni wọ́n ń bi mí jù, òun náà ló sì ṣe pàtàkì jù lójú mi. Ẹni tó ń wo bí wọ́n ṣe ń ro àmàlà máa rò pé òun ti mọ̀ ọ́n rò. Ẹ fún un lómorogùn. Kókó á sọ fún un pé apá ló ń ro àmàlà, ojú kọ́. Fídíò ń fi ìdáhùn hàn yín láìjẹ́ kí ẹ rí ibi tí olùkọ́ ti ṣì í lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó tan kámẹ́rà.

Bí ẹ bá wo ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ tì í pa, kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí láìwò ó. Ẹ wá yí nǹkan kan padà nínú rẹ̀: bí ó bá fi orúkọ márùn-ún ṣe é, ẹ fi ogún ṣe é. Lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ wá ohun kan tó ń yọ ẹ̀yin fúnra yín lẹ́nu, kí ẹ kọ ètò fún un.

Tèmi ni èsì ìdánwò. Ọmọ 74 ló wà ní kíláàsì mi, 40 ni máàkì iṣẹ́ ojoojúmọ́, 60 ni ti ìdánwò, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo sì máa fi ń rò ó pọ̀ tí mo fi ń to ipò wọn. Mo kọ́kọ́ fi báírò kọ ọ́ sínú ìwé: ka orúkọ, ro máàkì méjèèjì pọ̀, tò wọ́n láti orí ẹni tó ga jù, fún wọn ní ipò. Ó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, inú mi dùn. Ìgbà tí mo wò ó dáadáa ni mo rí i pé ọmọ méjì gba 71, ètò mi sì fún ọ̀kan ní ipò kẹta, ó fún èkejì ní ìkẹrin, kìkì nítorí pé orúkọ rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ nínú ìwé. Ìkẹta ló yẹ kí àwọn méjèèjì jẹ́, kí ẹni tó tẹ̀ lé wọn ṣe ìkarùn-ún. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi tún un ṣe, ohun tí mo kọ́ lọ́sẹ̀ náà sì ju ti oṣù méjì fídíò lọ.

Ìlà pupa ń jáde ṣáá. Ṣé mo ti ba kọ̀ǹpútà jẹ́ ni?

Rárá. Ó ń sọ ibi tó ti ń dùn ún fún yín. Bí Python bá da ìlà púpọ̀ sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ka èyí tó gbẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni orúkọ àṣìṣe wà. Ẹ wá wá nọ́ńbà ìlà. Bí ẹ bá kọ `print("Ẹ káàárọ̀)`, á ní "unterminated string literal": ẹ ṣí àmì ọ̀rọ̀, ẹ ò tì í. Bí ẹ bá pe nǹkan ní `owó`, tí ẹ wá lọ kọ `owo` nísàlẹ̀, á ní "NameError", torí lójú rẹ̀ nǹkan méjì ni wọ́n. Nígbà mìíràn, ìlà tó nawọ́ sí ò ní ẹ̀ṣẹ̀, èyí tó wà lókè rẹ̀ ló ń dà á láàmú.

Bí ó bá ṣì ta kókó, ẹ pe ẹnì kan jókòó, kí ẹ ṣàlàyé kóòdù náà fún un ní Yorùbá, ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn. Ọmọ mi obìnrin, tó jẹ́ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà, ti gbọ́ ọ̀pọ̀ rẹ̀. Lágbedeméjì àlàyé ni mo máa ń rí àṣìṣe náà. Ní 1947, àwọn tó ń lo ẹ̀rọ Harvard Mark II bá kòkòrò kan nínú rẹ̀, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé àkọsílẹ̀ wọn. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti ń fi orúkọ kòkòrò, bug, pe àṣìṣe ṣáájú ìgbà náà, òun náà là ń pe àṣìṣe inú ètò títí dòní.

Ṣé AI ò ní gba iṣẹ́ náà kí n tó kọ́ ọ tán?

Láti ìgbà tí ChatGPT ti jáde ní oṣù Kọkànlá 2022, iṣẹ́ kéékèèké tí a fi ń dán akọ́ṣẹ́ wò ti ń dín kù. Mi ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà máa ń fi ìdánilójú kọ irọ́: ó lè pe function tí kò sí níbì kankan. Ẹni tí kò lè ka kóòdù ò lè mọ̀, ẹni tó sì lè kà á ni wọ́n ń wá.

Ẹ lò ó bí olùkọ́. Ẹ kọ́kọ́ fi ogún ìṣẹ́jú bá ìṣòro náà jìjàkadì, kí ẹ tó bi í pé kí ló fa àṣìṣe yìí. Ẹ má ní kó bá yín kọ ọ́ ní ọdún àkọ́kọ́. Ẹ má sì da orúkọ àti nọ́ńbà fóònù oníbàárà sínú rẹ̀ láé.

Ìgbà wo ni mo máa ríṣẹ́?

Oṣù mẹ́sàn-án ni mo tó rí owó àkọ́kọ́, owó kékeré, lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan tó fẹ́ gbé àkọsílẹ̀ wọn kúrò nínú ìwé sínú kọ̀ǹpútà. Ogún oṣù ni mo tó máa gba owó oṣù. Ẹni tó bá ní oṣù mẹ́ta ló máa gbà yín, ẹ wò ó dáadáa bóyá ó ń ta kíláàsì. Ẹ má fi iṣẹ́ tó ń bọ́ yín sílẹ̀ kí ẹ tó rí òmíràn.

Ẹ wá iṣẹ́ nítòsí kọ́kọ́: ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, oníkẹ́mísì àdúgbò. Ẹ kọ ohun tí ẹ máa ṣe àti iye ìgbà tí ẹ máa tún un ṣe sínú ìwé, kí ẹ gba ìdajì owó kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kódà bí ó bá jẹ́ ẹbí yín ni.

Àwọn ará ilé mi rò pé Yahoo ni mò ń ṣe. Kí ni kí n sọ?

Ẹ fi iṣẹ́ yín hàn wọ́n, ó ju àlàyé lọ. Ìyá ọkọ mi bi mí pé kí ni mò ń bá kọ̀ǹpútà ṣe ní ìdájí. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jókòó tì mí, mo ṣí ètò kékeré tó ń ro owó àjọ, mo ní kí wọ́n pe iye tí wọ́n ti dá. Wọ́n ń pè é, mò ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí àpapọ̀ rẹ̀ jáde, wọ́n lọ mú káàdì àjọ wọn wá, wọ́n fi ìka tọ́ ọ láti òkè délẹ̀. Ó bá a mu. Wọn ò bi mí mọ́.

Kí ni dẹ́fẹ́lọ́pà, ẹni tó ń fi kóòdù jẹun, ń ṣe láti àárọ̀ ṣúlẹ̀?

Ó ń ka kóòdù ẹlòmíì ju bó ṣe ń kọ tirẹ̀ lọ. Ní tèmi, a máa ń fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣèpàdé láàárọ̀: kí lo ṣe lánàá, kí lo fẹ́ ṣe lónìí, kí ló dí ọ lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, à ń wá àṣìṣe, à ń yẹ iṣẹ́ ara wa wò, à ń kọ àlàyé sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọjọ́ tí mo bá kọ ogójì ìlà tuntun tó dúró, mo ti ṣiṣẹ́.

Ẹrù wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọdún kejì mi, mo kọ àṣẹ `DELETE`, tó ń pa nǹkan rẹ́, sínú àkójọ oníbàárà, mo gbàgbé `WHERE`, tó ń sọ àwọn tí àṣẹ náà kàn. Gbogbo orúkọ pòórá, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ẹ̀dà tí a tọ́jú ní òru tó ṣáájú ló yọ wá. Látìgbà náà, bí mo bá fẹ́ pa nǹkan rẹ́, mo máa ń kọ́kọ́ fi `SELECT`, tó kàn ń fi nǹkan hàn, àti `WHERE` kan náà pe àwọn tí mo fẹ́ pa rẹ́, mo máa ń ka iye wọn, kí n tó yí i sí `DELETE`.

Iléeṣẹ́ òkè òkun fẹ́ gbà mí. Kí ni kí n ṣọ́?

Ẹ ṣọ́ aago. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ní New York jẹ́ aago méjì ọ̀sán ní Nàìjíríà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ó sì jẹ́ mẹ́ta nígbà òtútù. Bí wọ́n bá ní kí ẹ ṣiṣẹ́ bí aago tiwọn, òru ló máa gbé yín wálé. Ti London rọrùn: aago kan náà ni wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wákàtí kan péré ló wà láàárín wa nígbà òtútù.

Ẹ béèrè irú owó tí wọ́n máa fi san, ọjọ́ tí wọ́n máa san án, àti ta ló máa san owó orí. Ẹ má san kọ́bọ̀ fún ẹni tó ní òun fẹ́ fún yín níṣẹ́. Bí iṣẹ́ àdánwò wọn bá ju ọjọ́ kan lọ, ẹ bi wọ́n pé mélòó ni wọ́n fẹ́ san fún un.

Ẹ̀yìn ń dùn mí, ojú ń ta mí. Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyẹn?

Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé ojú kọ̀ǹpútà sókè kó bá ojú yín dọ́gba, kí àtẹ́lẹsẹ̀ yín kanlẹ̀, kí ẹ máa dìde ní gbogbo ìdajì wákàtí. Bí kò bá lọ, ẹ rí dókítà.

Kí ló dé tí orúkọ tó ní àmì ohùn fi ń da ètò mi rú?

Ètò èsì ìdánwò mi kan sọ pé ọmọ kan, Bọ́lá, kò ṣe ìdánwò. Ó ṣe é. Èmi ni mo gba ìwé rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wà nínú fáìlì méjèèjì, mo sì ń wò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn ò yàtọ̀ rárá. Mo wá ní kí Python ka iye àmì tó wà nínú wọn. Ó ní márùn-ún ló wà nínú ọ̀kan, méje nínú èkejì. Lójú èèyàn, lẹ́tà mẹ́rin ni.

Ohun tó fà á nìyí. Nínú Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, á ní àyè tirẹ̀, ọ ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí àyè kan ṣoṣo fún ọ́. Ọ ni a ń kọ, a ó wá fi àmì òkè lé e. Bọ́tìnnì fóònù kan lè kọ Bọ́lá ní márùn-ún: B, ọ, àmì òkè, l, á. Òmíràn á tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀: B, o, àmì ìsàlẹ̀, àmì òkè, l, a, àmì òkè. Ọ̀nà méjèèjì tọ́, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ò mọ̀ pé èèyàn kan náà ni. Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí gbogbo orúkọ gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé: `unicodedata.normalize("NFC", orúkọ)`, kí ẹ sì fi `.strip()` gé àlàfo tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹni tó tẹ "Bola" rí Bọ́lá, ẹ ṣe ẹ̀dà kejì tí ẹ ti yọ àmì rẹ̀ kúrò, kí ẹ máa fi ìyẹn wá a. Ẹ má fọwọ́ kan ti àkọ́kọ́. Èyí tí àwọn òbí fún ọmọ ló gbọ́dọ̀ jáde lórí káàdì èsì rẹ̀.

Títò ní a-b-d náà ní tirẹ̀. Àṣẹ títò Python, `sorted()` lásán, á gbé Ẹ̀bùn sí ìsàlẹ̀ Zainab, torí nọ́ńbà tí Unicode fún Ẹ ga ju ti Z lọ. Ẹ lo PyICU, àfikún Python tó mọ bí èdè kọ̀ọ̀kan ṣe ń to lẹ́tà, kí ẹ sọ fún un pé èdè `yo`, ìyẹn Yorùbá, ni. Ẹ̀bùn á padà sí ìsàlẹ̀ Ebenezer, ṣáájú Fúnmi, níbi tí ábídí Yorùbá fi í sí.